Nígbà tí àlejò bá gbéjà ko onílé: Ohun tó ń ṣe awọ ara lẹ́yìn pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun

Ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá mú, tí owó ìtọ́jú ká a, tí wọ́n rí ẹni fún un ní mùdùnmúdùn egungun, tí àwọn dókítà sì bá a pààrọ̀ ti ara rẹ̀ tó ti bàjẹ́, yóò rò pé ogun ti parí. Àwọn mọ̀lẹ́bí yóò máa dúpẹ́, wọn yóò máa ka ọjọ́ tí aláìsàn máa padà wálé. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í yára jó. Wọ́n mọ̀ pé ogun mìíràn lè tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ara awọ ni ogun kejì yìí ti sábà máa ń kọ́kọ́ fojú hàn. Nǹkan wẹ́wẹ́ lè sú sí àtẹ́lẹwọ́, etí lè máa ta èèyàn, ẹ̀yìn ọrùn lè máa yún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ooru tàbí kúrúnà, yóò sì lọ ra ìpara lọ́jà.

Àṣìṣe tó lè gba ẹ̀mí ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé àrùn awọ ara yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń fà á, bó ṣe ń rí lára èèyàn dúdú, àti ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí ṣe sí i.

Kí ni wọ́n ń pè ní pípààrọ̀ mùdùnmúdùn?

Inú egungun wa kì í ṣe òfìfo. Ohun rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí mùdùnmúdùn, èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa fà mu lára egungun ẹran. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ìyá fún gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara. Stem cell ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n, àwa yóò máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Àwọn ló ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, sẹ́ẹ̀lì funfun tó jẹ́ ọmọ ogun ara, àti èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí èèyàn bá fara gbọgbẹ́.

Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù: leukaemia, lymphoma àti myeloma. Nígbà tí oògùn nìkan kò bá ká irú àrùn bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà lè pinnu láti fún aláìsàn ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní oògùn líle, nígbà mìíràn wọ́n á fi ìtànṣán kún un, kí wọ́n lè pa jẹjẹrẹ náà, kí mùdùnmúdùn àtijọ́ sì lè yàgò fún tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fa sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i lára gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Wọn kò ní fi ọ̀bẹ kan aláìsàn rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fúnra wọn ló máa wá ọ̀nà wọnú egungun, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, wọ́n á sì dá a padà sí i lára lẹ́yìn ìtọ́jú líle náà. Nínú ìkejì, ẹlòmíràn ni yóò fi tirẹ̀ tọrẹ. Wọ́n lè fa á láti inú egungun ìbàdí olùtọrẹ, wọ́n lè gbà á láti inú ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tú jáde, wọ́n sì lè lo ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun. Ọ̀nà kejì yìí, èyí tí ti ẹlòmíràn ti wọnú ara aláìsàn, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àlejò tó ń ríran jù

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ àlejò tiwa yìí yàtọ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùtọrẹ ni àwọn ọmọ ogun ara wà, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa wo gbogbo ohun tó bá yí wọn ká kí wọ́n lè mọ ti ilé yàtọ̀ sí ti ìta. Olúkúlùkù èèyàn ló ní àmì ìdánimọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HLA. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tuntun bá dé inú ara aláìsàn, tí wọ́n sì rí i pé àmì ibẹ̀ kò bá tiwọn mu, wọ́n á ka onílé sí ọ̀tá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Àrùn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní graft-versus-host disease, tí wọ́n ké kúrú sí GVHD.

Àwọn ẹ̀yà ara mẹ́ta ló sábà máa ń jìyà ìjà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀: awọ ara, ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Awọ ara ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, òun náà sì ni ojú lè rí láìsí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní 1956, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Harwell, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mùdùnmúdùn eku mìíràn tọ́jú àwọn eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ náà lọ, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn tó ń mú kí eku rù hangogo ló wá pa wọ́n. Ní 1957, Dókítà E. Donnall Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cooperstown, ìpínlẹ̀ New York, ròyìn bí wọ́n ṣe fún aláìsàn mẹ́fà ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pẹ́ láyé. Ní 1958, ìtànṣán jó àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Vinča, nítòsí Belgrade, lórílẹ̀-èdè Yugoslavia ìgbà náà. Dókítà Georges Mathé fún márùn-ún nínú wọn ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn ní ìlú Paris, mẹ́rin sì là á já. Ní 1966, Rupert Billingham ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ péjọ kí ìjà yìí tó lè wáyé: kí ohun tí wọ́n fún aláìsàn ní ọmọ ogun ara nínú, kí ara aláìsàn ní àmì tí olùtọrẹ kò ní, kí aláìsàn náà má sì lágbára láti lé àlejò jáde.

Thomas kò jáwọ́. Ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Seattle, níbi tí Fred Hutchinson Cancer Research Center ti ṣílẹ̀kùn ní 1975. Ní 1990, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá òun àti Joseph Murray, dókítà tó pààrọ̀ kíndìnrín, lọ́lá.

Bí ìjà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ

Láyé àtijọ́, ohun tó bá yọjú láàrin ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ni wọ́n ń pè ní GVHD kánmọ́-kánmọ́, èyí tó bá kọjá ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n sì ń pè ní alápẹ̀ẹ́tì. Láti 2005 ni àpérò àwọn onímọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè ti yí èyí padà. Bí àrùn ṣe rí ni wọ́n ń wò báyìí, kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan, nítorí kánmọ́-kánmọ́ lè pẹ́ kó tó dé, alápẹ̀ẹ́tì sì lè tètè yọjú.

Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, etí, ojú, ọrùn àti èjìká ni kánmọ́-kánmọ́ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa yún èèyàn, ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló ń ta á bí ẹni tí iná rà. Bí wọn kò bá tètè dá a dúró, yóò ràn dé àyà, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Bí ibi tó gbà lára bá ṣe fẹ̀ tó ni àwọn dókítà fi ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara wà ní ìpele kìn-ín-ní; ìdá 25 sí 50 wà ní ìpele kejì; èyí tó lé ní ìdá 50 wà ní ìpele kẹta. Ìpele kẹrin ló burú jù: gbogbo ara á pọ́n, á lé ròrò, awọ á sì máa bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ẹni tí awọ rẹ̀ bó bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó lè fi dènà kòkòrò àrùn mọ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí ikú ti máa ń ráyè wọlé nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sú sára ẹni tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn ni GVHD. Oògùn tí kò bá ara mu lè fà á, kòkòrò àrùn náà sì lè fà á. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń gé díẹ̀ nínú awọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yìí kì í fi gbogbo ìgbà tú àṣírí tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo ìfun, ẹ̀dọ̀, ọjọ́ tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí aláìsàn ń lò pọ̀ mọ́ ọn.

Lára èèyàn dúdú ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Awọ òyìnbó ló kún inú ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà. Nínú àwòrán wọ̀nyẹn, àrùn yìí a máa pọ́n bí osùn. Lára wa, pípọ́n náà kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè rí bí eérú, ó sì lè ní àwọ̀ àlùkò. Dókítà tí ojú rẹ̀ ń wá pupa nìkan lè wo aláìsàn dúdú kó ní kò sí nǹkan kan, tàbí kó rò pé ibi tí àrùn gbà kéré ju bó ṣe rí lọ. Bí a bá sì rántí pé bí ibi tó gbà bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ojú.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n lo ọwọ́ pẹ̀lú ojú. Kí wọ́n fi ọwọ́ kan awọ náà bóyá ó gbóná, bóyá ó rí gbágungbàgun, bóyá ó ń le. Kí wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti fúyẹ́. Kí wọ́n wo inú ẹnu. Kí wọ́n sì bi aláìsàn léèrè bóyá ibì kan ń ta á tàbí ń yún un, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀. Aláìsàn tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, kò yẹ kó tijú láti sọ pé, “Dókítà, ibí yìí kò rí báyìí lánàá.”

Ohun kan tún wà tó yẹ ká mọ̀. Bí àrùn náà bá lọ tán, àpá dúdú rẹ̀ lè wà lára èèyàn dúdú fún oṣù púpọ̀. Àpá kì í ṣe àrùn. Àwọn kan máa ń sáré lọ ra ìpara abóra láti fi pa àpá yìí rẹ́, wọn kò mọ̀ pé steroid tó lágbára wà nínú ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀, tó lè mú kí awọ fẹ́lẹ́, tó sì lè bo àrùn mọ́lẹ̀ kí dókítà má rí i.

Èyí tó ń pẹ́ lára

GVHD alápẹ̀ẹ́tì ni ọ̀tá àwọn tó ti la ọdún àkọ́kọ́ já. Àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn fi hàn pé ìdá 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló máa ń ní in, awọ ara ló sì máa ń kọlù jù lọ. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbà yọ.

Ọ̀kan ni èyí tó ń sú bí èépá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò, tó ń dán bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Irú èyí lè wà nínú ẹnu pẹ̀lú, kó fa ìlà funfun sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ata má sì ṣeé fi kan ẹnu mọ́.

Ìkejì, tó ṣọ̀wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni èyí tó ń mú kí awọ le. Awọ á le, á fà, títí tí yóò fi dà bí awọ ìlù tí wọ́n fà sójú igi, tí ọwọ́ kò ní lè ṣùn ún jọ mọ́. Bí ó bá wọ inú iṣan tó bo ẹran ara, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀ kò ní lè ká tàbí nà dáadáa. Àyẹ̀wò kan rọrùn: ní kí aláìsàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, kó gbé ìgúnpá sókè. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọ̀ láti pàdé, kí wọ́n fura. Bí awọ àyà bá le gan-an, mímí pàápàá lè di ìṣòro.

Ìkẹta ni èyí tó ń jẹ́ kí àwọ̀ ara rí wúlewùle: ibì kan dúdú, ibì kan funfun, awọ sì fẹ́lẹ́. Nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí àwọ̀ ara á bó pátápátá lójú kan tàbí káàkiri, tí irun orí á re ní pátápàtá, tí èékánná á la, á sì máa ká kúrò. Láàrin wa, ibi tó bá funfun lára èèyàn ni aráàlú máa ń tètè pè ní ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kò ràn. Ẹni tó bá jẹun pẹ̀lú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tó bá a sùn lórí ibùsùn kan, kò lè kó o. Àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ kò gbọ́dọ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀ nínú ilé ara wọn.

Ẹni tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn tún wà nínú ewu jẹjẹrẹ awọ ara fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìtọ́jú. Ìtànṣán tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, GVHD tó pẹ́, àti voriconazole, oògùn tí wọ́n ń lò fún àrùn tí fọ́ńgáàsì ń fà, wà lára ohun tó ń mú ewu náà pọ̀ sí i.

Kí ló dé tí wọn kò kàn lé àlejò náà?

Òǹkàwé lè béèrè pé, bí àwọn ọmọ ogun tuntun bá ń yọ onílé lẹ́nu, kí ló dé tí wọn kò pa gbogbo wọn? Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti di kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, tó jẹ́ pé ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ọmọ ogun tó ń na awọ ara náà ló ń wá ìyókù jẹjẹrẹ kiri inú ara, tó sì ń pa á.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ló jẹ́ kí èyí yé wọn. Ní 1959, Thomas ròyìn àwọn aláìsàn méjì tí ìbejì wọn, tó jọ wọ́n délẹ̀, fún ní mùdùnmúdùn. Kò sí ìjà kankan nítorí àmì wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, jẹjẹrẹ náà padà. Ní 1979, àwọn dókítà Seattle fi ìwádìí hàn pé àwọn tí GVHD bá jà ni leukaemia kì í fi bẹ́ẹ̀ padà sí lára; ní 1990, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe kí wọ́n pa ìjà náà run ni iṣẹ́ dókítà, bí kò ṣe kí wọ́n dín in kù débi tí jẹjẹrẹ nìkan yóò fi máa jìyà. Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni, díẹ̀ sí i ló ń pa, díẹ̀ sí i ló ń là.

Ohun tí wọ́n ti rí ṣe

Kí àrùn tó dé ni ìdènà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń lo cyclosporine àti methotrexate pọ̀ láti fi tu àwọn ọmọ ogun náà lójú. Àwọn dókítà Johns Hopkins ní ìlú Baltimore wá gbé ọgbọ́n mìíràn dé: wọ́n ń fún aláìsàn ní cyclophosphamide ní ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i lára. Oògùn náà máa ń pa àwọn ọmọ ogun tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó sì máa ń dá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ ju ti àtijọ́ lọ.

Bí àrùn bá ti dé, steroid ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Èyí tó bá kéré lára awọ, ìpara steroid tí dókítà kọ lè tó o. Èyí tó bá lágbára, wọ́n á fún un mu tàbí gún un. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni steroid ń ràn lọ́wọ́, bó bá sì pẹ́ lára, ó lè mú kí egungun rọ̀, kí ṣúgà lọ sókè, kí àrùn mìíràn sì ráyè wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí oògùn kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú àwọn tí steroid kò ràn lọ́wọ́. Ní 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí ibrutinib fún GVHD alápẹ̀ẹ́tì. Ní 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí ruxolitinib fún kánmọ́-kánmọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún alápẹ̀ẹ́tì ní 2021. Ní 2021 kan náà ni belumosudil dé, axatilimab sì tẹ̀ lé e ní 2024.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, ẹ̀rọ á ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀, wọ́n á po oògùn kan mọ́ ọn, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ pàtàkì sí i, wọ́n á sì dá a padà sára. Photopheresis ni wọ́n ń pè é, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé kì í sọ ara di aláìlágbára bí steroid ṣe ń ṣe. Àwọn tí awọ wọn ti le tún nílò ẹni tó máa nà wọ́n lọ́wọ́ nà wọ́n lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́ kí oríkèé má baà dì.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ìran wa

Bí àmì olùtọrẹ àti ti aláìsàn bá ṣe bára mu tó, bẹ́ẹ̀ ni ìjà yóò ṣe kéré tó. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní láti bá aláìsàn mu délẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n á wá a láàrin àwọn olùtọrẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 nínú ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó rí i pé aláwọ̀ funfun tí ìran rẹ̀ wá láti Yúróòpù ní àǹfààní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún láti rí ẹni tó bá a mu délẹ̀. Fún aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdá 19 ni. Fún ọmọ Áfíríkà, ìdá 18 ni. Ohun méjì ló fà á: àmì àwọn ọmọ Áfíríkà yàtọ̀ síra gan-an ju ti ìran mìíràn lọ, àwa tó sì forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀.

Ṣeun Adébíyìí, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yale, fojú ara rẹ̀ rí i. Ní 2009 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kò sì rí olùtọrẹ tó bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, ó ṣe agbátẹrù ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùtọrẹ mùdùnmúdùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnúgu ní 2012. Ọdún kan ṣáájú, ní 2011, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ìlú Benin ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn ọmọ kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Jẹjẹrẹ kọ́ ni àìsàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni, ewu awọ ara kan náà ló sì wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n Baltimore tí a sọ lókè ti ṣílẹ̀kùn fún ìran wa, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n lè lo olùtọrẹ tó bá aláìsàn mu ní ìdajì. Bàbá, ìyá àti ọmọ bíbí inú ẹni ló sì máa ń báni mu ní ìdajì. Níbi tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni, ẹnì kan lè wà báyìí nínú ilé.

Ohun tí aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí gbọ́dọ̀ ṣe

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó nílò ìtọ́jú yìí ló ń lọ sí Íńdíà, Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà, wọ́n á sì padà wálé nígbà tí ewu kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ dání, kó sì sọ fún dókítà yòówù tó bá rí pé òun gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn.

Kó máa wo gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹlòmíràn bá a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohunkóhun tó bá sú, tó bá ń le, tó bá ń lé ròrò tàbí tó bá yí àwọ̀ padà, kó mú un dé ọsibítù lọ́jọ́ náà, kó má dúró dìgbà tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Kó ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wà, kó lè fi han àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀ lókè òkun.

Kó sá fún oòrùn, nítorí oòrùn lè ta àrùn náà jí. Aṣọ alápá gígùn, fìlà fífẹ̀ àti agboòrùn kì í ṣe fáàrí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó máa fi ìpara tí kò ní òórùn dídùn pa ara kó má baà gbẹ. Kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá, kó má sì mu àgbo kankan láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí àwọn ewé kan lè ba iṣẹ́ oògùn jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kó béèrè fún èyí tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa ọmọ ogun inú rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lásán náà lè gbé irú ìjà kan náà wá, èyí tó sì gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọlé ló burú jù. Kó rí i pé dókítà yẹ awọ ara rẹ̀ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Awọ ara kì í parọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tó máa wò ó dáadáa. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ẹni tó bá ti náwó, tó ti jìyà, tó sì ti ṣẹ́gun jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí ohun tó kọ́kọ́ dà bí ooru lásán ó gba ìṣẹ́gun náà lọ́wọ́ rẹ̀.